Ìyá Fíríìjì, Ẹni Tó Kọ̀ Kí Wọ́n Da Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọ Nù

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1949 ni wọ́n bí màmá wa, nínú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè. Télọ̀ ni bàbá tó bí wọn, ìyá wọn sì jẹ́ olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ú tó sì gbẹ̀mí rẹ̀. Màmá bi dókítà pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ló kọ lù. Dókítà ní òun ò mọ̀.

Ní ọdún 1971, wọ́n jáde ní iléèwé àwọn òṣìṣẹ́ lábù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yunifásítì. Ibẹ̀ ni bàbá wa, oníṣẹ́ iná, ti wá tún fáànù ṣe. Fáànù ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, síbẹ̀ bàbá tún padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 1974.

Ní ọdún 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n kan bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti mọ èwo nínú àwọn ọmọ tó ní àrùn náà ni rọpárọsẹ̀ máa kọ lù. Màmá ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára àwọn ọmọ náà, tí wọ́n kó sínú fíríìjì, ṣọ́, bí wọ́n ṣe di Ìyá Fíríìjì nìyẹn. Orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n fi ń gbàdúrà láràárọ̀. Ebi a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwa ọmọ wọn kí a tó ṣàmín.

Ní ọdún 1998 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti dá owó ìwádìí yunifásítì dúró, wọ́n sì gé owó ilé ìwòsàn kù. Ìwádìí dojú rú. Wọ́n ní kí màmá pa àwọn fíríìjì, kí wọ́n da ohun tó wà nínú wọn nù. Màmá ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ sínú bùláòsì.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn sọ̀ kalẹ̀ wá. “Ìyá Fíríìjì, ẹ má kó mi sí wàhálà. Àṣẹ ìjọba ni.”

“Mo gbọ́, ọ̀gá. Ẹ fún mi lóṣù kan péré.”

Ọ̀gá wo ọrùn aṣọ wọn níbi tí kọ́kọ́rọ́ gbà wọlé, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gbà.

Màmá kó àwọn ìyá ọmọ jọ. Oníkálùkù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, títí ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin fi ránṣẹ́ pè wọ́n. Aṣòfin kan bi màmá pé, “Ṣé dókítà ni yín?”

“Rárá o, sà. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ́jú. Ọmọ ọ̀ọ́dúnrún ló ni ín. Mọ́kànlélógún nínú wọn ti kú, ẹ̀jẹ̀ yẹn nìkan ló sì lè sọ ohun tó pa wọ́n. Bí a bá dà á nù, ta la fẹ́ bi?”

Kí ọdún náà tó parí, ìjọba yí òfin padà: ìwádìí tí aláìsàn bá wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró láàárín ọ̀nà mọ́. Kì í ṣe gbogbo owó ló padà, àmọ́ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n rí ìdáhùn nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Láti ìgbà náà, wọ́n ń mọ ọmọ tó wà nínú ewu láti kékeré, wọ́n sì ń tètè fún un lóògùn.

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú kílíníìkì, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní àmì tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, àbíkẹ́yìn wọn ka ìwé ìròyìn fún wọn pé ìjọba ti fi kún owó ìwádìí. Inú wọn dùn, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ẹ jẹ́ kówó náà dọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ná.”

Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan sílẹ̀ sáyé lọ.

Màmá wa, ẹ fara balẹ̀ sinmi. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.