Wọ́n Lé Wa Láìṣí Aṣọ Orí Báàfù

Àkíyèsí akọ̀wé: Èmi, Tolúwalọpẹ́ Adébùnmí, tí mo ń bá aráàlú tẹ ìwé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ni mo kọ lẹ́tà yìí. Bàbá Zacchaeus Olúsànyà ló ń sọ ọ́ nítorí pé wọn kò lọ sílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí n má fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un, kí n sì kà á padà sí àwọn létí kí àwọn tó tẹ̀ka. Mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Adéolú,
Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Ẹran Ọ̀sìn Ìfẹ́dàpọ̀,
Ìkòtún,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ỌMỌ ẸRAN OMI TÍ WỌ́N KỌ̀ LÁTI WÒ

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń gbìn síbi tí ilé wa wà lónìí. Mo ti sin ewúrẹ́, adìẹ àti ẹja àrọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ-ọmọ mi, Súmbọ̀, ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹran yìí. Asólótù ni wọ́n ń pè é. Inú omi ló ń gbé bí ẹja, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí alángbá, ohun tó fi ń mí sì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ. Kò tíì gùn tó ìka mi. Nígbà tí Súmbọ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó fi í sílẹ̀ fún mi, mo sì sọ fún un pé yóò bá a láàyè. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, n kì í yí i padà.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí oòrùn oṣù tó kọjá mú, kò jẹ ekòló mọ́, ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ sì ká síwájú. Mo ń ju píọ̀ wọ́tà dídì sínú omi rẹ̀ láìtú ọ̀rá rẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan funfun bí òwú hù sí ìyẹ́ ọrùn náà. Ìyàwó mi, Morónkẹ́, tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, gbàdúrà sí i, ó sì kán lọ́fíńdà àdúrà sínú omi nígbà tí n kò sí nílé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n awọ ẹran náà kò nípọn; ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri. Mo pààrọ̀ omi kíá. Òórùn lọ́fíńdà kò tètè kúrò lára báàfù tí ẹran náà ń gbé.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, a gbé e wá sọ́dọ̀ yín. Morónkẹ́ ń ti ìsìn òwúrọ̀ bọ̀, nítorí náà ó wọ sùtánà, kò sì wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọ wọn. Aṣọ funfun tútù ni a fi bo báàfù nítorí oòrùn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín, Abdulmuiz, gbóòórùn lọ́fíńdà, ó wo ẹsẹ̀ ìyàwó mi, ó ní kí a má gbé ẹbọ wọlé. Mo ní ẹran aláìsàn ni. Ó ní kí Bàbá dákun, kí Bàbá gbé e lọ sí oríta tí wọ́n ní kí Bàbá gbé e sí. Ó pe dókítà kan jáde. Dókítà náà dúró lókèèrè, ó ní a ń dẹ́rù ba àwọn tó gbé ajá wọn wá, kí a máa gbé e lọ. Lóòótọ́, wọ́n ti ń dìde. Obìnrin kan tilẹ̀ ti fi gèlè rẹ̀ bo ojú ajá tirẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, kò sí ẹni tó ṣí aṣọ náà. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣí i, tí wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, n kò ní bínú. Èmi náà kò rí irú rẹ̀ rí kí Súmbọ̀ tó mú un wá.

Ẹran náà ṣì wà láàyè. Ó jẹ ekòló díẹ̀ lánàá, ṣùgbọ́n òwú náà ti dé ẹ̀gbẹ́ ọrùn kejì, Súmbọ̀ sì ń bọ̀ wálé fún ìsinmi Àjíǹde. Mo bẹ̀ yín, ẹ yan dókítà kan tí yóò wò ó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mo ti gbé e sínú ike tí ènìyàn lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Àwọn ará ilé ní kí ìyàwó mi wọ àǹkárá àti bàtà lọ́jọ́ tí a óò tún wá. N kò gbà. Òun ló ń wa ekòló fún ẹran náà láràárọ̀. Bí ó bá ti ìsìn bọ̀, bó ṣe wà náà ni yóò ṣe wọlé sọ́dọ̀ yín. Inú ike ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ ìyàwó mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń retí yín,

(Àmì àtàǹpàkò)
Zacchaeus Olúsànyà,
Olùtọ́jú ẹran náà.

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Jàfárù Àjàní, aládùúgbò.
Morónkẹ́ Olúsànyà, ìyàwó rẹ̀, tó ti ìsìn yà wá fọwọ́ sí i.