Mo Ti Tú Fìtílà Ojú Alùpùpù Yín

Bàbá mi tí mo ṣì ń bínú sí,

Mo ti tú fìtílà kábáàdì kúrò lójú alùpùpù yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá mi lẹ́kun, ẹ sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Orí kunkun yín ló gbé yín débẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn títí di àná, n kò sì tíì lè sọ pé mi ò gbà á gbọ́ mọ́.

Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní Bukuru ti ń lo iná mànàmáná, èyí tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń tàn. Ẹ̀yin ní fìtílà tó bá ti lè gbé èèyàn délé ti tó. Omi á máa kán díẹ̀díẹ̀ sórí òkúta kábáàdì, á máa rùn bí aáyù, ẹ ó ṣáná sí i, ìmọ́lẹ̀ náà kò sì ní ju kí ẹ rí táyà iwájú lọ. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa àwọn ọlọ́gbọ́n ayé. N kò rí ọ̀kan tó fi òkùnkùn yangàn bíi tiyín.

Ẹ sì máa ń sáré. Àdúrà ilé lẹ ń sáré sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ títí ẹ ó fi dé ka Bíbélì. Ṣé ẹ rántí alẹ́ tí ẹ rí èèpo ẹ̀wà létè mi? Ẹ ò nà mí. Ẹ ní kí n dá gba gbogbo àdúrà alẹ́ yẹn fúnra mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí ọbẹ̀ fi dì, tí àwọn àbúrò mi ń wò mí bí ẹni ń wo olè. Mo kórìíra yín lálẹ́ ọjọ́ náà. Títí di òní ni mò ń bi ara mi bóyá Ọlọ́run tí ẹ ń sáré wá bá nílé kò sí lójú ọ̀nà Bukuru ni.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé yín jáde nínú kòtò ìwakùsà tí ẹ̀yin àti alùpùpù já sí. Páálí ìṣáná inú àpò yín ṣófo, bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Màámi fi í lé yín lọ́wọ́, odindi. Láti ìgbà náà ló ti ń bá yín ṣẹjọ́. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, tí ẹ ń lé àwọn amusìgá kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ta lẹ lọ bá mu sìgá, nílé ta ni? Ó tọ́jú páálí náà sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn yín níwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Èmi mọ ohun tí mo mọ̀." Kò dé ibojì yín rí láti ọjọ́ tí a sin yín. N kò bá a jiyàn. Ó dùn mọ́ mi pé ẹlòmíràn náà ń bínú sí yín.

Ní báyìí iṣẹ́ ti gbé èmi náà lọ sí Bukuru, Màámi sì ní òun kò ní jẹ́ kí n gun alùpùpù yẹn lálẹ́ láìjẹ́ pé mo pààrọ̀ iná rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi tì í lọ sọ́dọ̀ Sule mẹkáníìkì ní Angwan Rogo lánàá. Ìlọrin ló ti kọ́ iṣẹ́ àti Yorùbá. Ó tú fìtílà yín, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò tí omi ń gbà kán, kò lọ. Ó fi wáyà tọ́ ọ. Ẹrẹ̀ pupa tó ti gan ló jáde, àwọn hóró dúdú kéékèèké sì ń dán nínú rẹ̀.

"Haba, akọ̀wé," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kúsà rèé, èyí tí wọ́n ń wà nínú kòtò. Ta ló bu omi ìfọ kúsà sínú fìtílà? Onítọ̀hún, bí kì í bá ṣe ọ̀lẹ, ọ̀tá ni."

Mo ní n kò mọ̀.

Èmi ni, Bàbá. Ẹ ti sọ fún mi pé omi kànga ni kí n máa bù sí i, kí n sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé àdúrà yẹn, ọyẹ́ mú, èrò pọ̀ nídìí kànga, inú mi ṣì ń ru. Mo yà sí ojú omi tí wọ́n ti ń fọ kúsà, mo bù ú, mo dà á sínú fìtílà bẹ́ẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ ni mí lọ́jọ́ náà, àbí ọ̀tá?

Lọ́dọ̀ Sule ni mo tó mọ ibi tí ìṣáná lọ. Ẹ dúró nínú ọyẹ́, ẹ ń ṣá a sí fìtílà tí ẹrẹ̀ ti dí lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà lẹ wá gun òkùnkùn, nítorí pé a ń dúró dè yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni?

Màámi ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lónìí nígbà tí mo jókòó tì í.

"Màámi, Bàbá ò mu sìgá."

"Ta ló rán ọ sí mi?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró nínú ìrẹsì náà.

"Ọdún mẹ́rin lo fi ń wò mí tí mò ń bú ọkọ mi."

"N kò mọ̀, Màámi. Àná ni mo mọ̀."

"O mọ irú omi tí o bù."

Ó ṣa òkúta kan jù síta, ó ní, "Láàárọ̀ ọ̀la, gbé mi lọ sí ibojì rẹ̀. Má bá mi wọlé. Dúró ti alùpùpù rẹ níta."

Mo tan iná tuntun náà lálẹ́ yìí. Ó mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àdúgbò Jẹ́ńtà, kò sì bèèrè omi lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti gbà láti pààrọ̀ tiyín, ẹrẹ̀ mi kì bá tí rí ibi wọ̀. Mo ṣì ń bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbúròó ẹsẹ̀ Màámi lọ́la, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Èmi yóò wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ rán ní omi,
Èmi náà ni.