Bí Ojú Bàbá Rẹ Ṣe Gba Erin

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò òwúrọ̀.

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo nígbàgbọ́ pé ara rẹ le bí ọta, pé àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí ò ń kọ́ níléèwé kò tíì gba ohùn tán lọ́nà ọ̀fun rẹ, àti pé o ń jẹun lásìkò. Tiwa náà kò burú. Bàbá rẹ ń bẹ, èmi náà ń bẹ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ké bí arúgbó tí eegun ń dùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Òróró díẹ̀ ni mo fi ń tù ú lójú. Mi ò ní pe alátùn-únṣe àfi tó bá kú pátápátá.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní kí n má ṣe mú bàbá rẹ lọ sí igbó ẹranko ìjọba, pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ kò ní nǹkan í ṣe níbi tí àwọn èèyàn ti ń lọ wòran, pé kí n fi owó náà ra oògùn ojú. Mo gbọ́ ohun tí o wí. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà rẹ tó dé, a ti lọ, a sì ti bọ̀. Má bínú. Bó bá tilẹ̀ tètè dé, mo ṣì máa lọ náà ni. Ní ti oògùn, mo ti kọ́kọ́ ra èyí tó máa tó wọn lò dé ìparí ọdún kí n tó fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó ìrìn àjò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí dókítà ojú wí fún ọ, torí mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù níwájú wọn. Ó ní oògùn náà lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè dá a dúró. Àárín ojú nìkan ló kù tí bàbá rẹ fi ń ríran. Òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì ti di òkùnkùn. Ó ní kí n ká àtẹ́lẹwọ́ mi bíi fèrè, kí n máa yọjú gba inú rẹ̀, pé bí bàbá rẹ ṣe ń rí ayé nìyẹn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n tún ká a kó fún sí i, pé bí yóò ṣe rí kí ọdún tó parí nìyẹn, pé lẹ́yìn ìyẹn, òun kò lè ṣèlérí. Nígbà tí a délé, bàbá rẹ jókòó sórí àga. Ìgbà tí wọ́n bọ́ bàtà tán ni wọ́n ní, “Mi ò mà tíì rí erin rí.”

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ọdún tí bàbá rẹ fi wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì, ẹnu géètì igbó yẹn ni wọ́n ń gbà kọjá, àlọ àti àbọ̀. Erin ràgàjì kan wà lára pátákó tó wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé lọ́jọ́ kan, àwọn á yà. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kì í dúró de erin, ọ̀gá wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n wá fi ọkọ̀ gbá ọmọlanke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ní àwọn kò rí i rárá, tí ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, erin orí pátákó yẹn náà ni wọ́n ṣì mọ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé bí ojú yìí bá máa fọ́, kò ní fọ́ sórí erin tí wọ́n fi ọ̀dà kùn.

Mo jókòó, mo ṣírò. Bí a bá dá ọkọ̀ gbà nínú igbó, owó rẹ̀ tó owó iṣẹ́ ogún aṣọ iléèwé. Bí a bá bá àwọn mìíràn pín in, ó di mẹ́jọ fún àwa méjèèjì. Mo ní kí àwọn tó ń gbowó níbẹ̀ fi wá kún àwọn mìíràn. Wọ́n ka oúnjẹ àárọ̀ mọ́ owó yàrá tí a máa sùn sí. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì yọ ọ́. Mo se ẹyin, mo di búrẹ́dì àti ẹ̀pà sápò. Ohun tí kò jẹ́ kí n dúró de èsì rẹ ni òjò. Tí òjò bá ti rọlẹ̀ dáadáa, ọ̀nà inú igbó á di ẹrẹ̀, wọ́n á sì ti géètì títí di ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn. Ta ló mọ ohun tí ojú bàbá rẹ á kù sí nígbà náà?

Ti aṣọ rèé, kí bàbá rẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ létí rẹ. Mo rán aṣọ tuntun fún àwa méjèèjì, ankárá aláwọ̀ yẹ́lò tó ń tàn bí iná, torí ẹni tó ń lọ síbi pàtàkì kì í wọ àkísà. Amọ̀nà tó máa wà wá kiri, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ á tó tìrẹ, pàdé wa ní géètì. Ó wò wá láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Aṣọ yìí mà dára. Àwọn ẹranko á ti rí yín láti àná.” Ó ní aṣọ tó jọ koríko ló yẹ ní wíwọ̀, pé wọ́n ń fi irú rẹ̀ háyà. Háyà kẹ̀? Mo mú bàbá rẹ wọ ilé ìwẹ̀, a yí aṣọ wa dà, a wọ inú rẹ̀ síta. Inú ankárá máa ń ṣá, o mọ̀, o sì mọ̀ pé àránpọ̀ mi kì í yọ òwú. Bàbá rẹ fọwọ́ pa ojú rírán náà, wọ́n ní, “Télọ̀, ìdí tí aṣọ fi máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹ ti yé mi wàyí.”

Àwa márùn-ún la wà lẹ́yìn ọkọ̀: àwa méjèèjì, olùkọ́ obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀, àti ọkùnrin kan tí kámẹ́rà rẹ̀ gùn tó apá mi. Oníkámẹ́rà la ń pè é. Ẹyẹ la kọ́kọ́ rí. Amọ̀nà á nàka, á ní, “Ẹ wo àlùkò lórí ẹ̀ka yẹn!” Gbogbo èèyàn á rí i, orí bàbá rẹ á kàn máa yí kiri. Fífi ihò kékeré wá ẹyẹ nínú igbó kò yàtọ̀ sí kéèyàn máa yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́ wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá. Bàbá rẹ wá fẹnu kò mí létí. Wọ́n ní, “Télọ̀, ṣe ọmọ ọkọ̀ fún mi. Máa júwe bí ìgbà tí a bá ń fi tírélà rìn sẹ́yìn.”

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. “Ẹ gé e sọ́tùn-ún. Máa bọ̀, máa bọ̀, rọra. Ẹ dá a padà sósì díẹ̀. Ẹ gbé e sókè. Ó tó! Ẹ dúró ńbẹ̀!” Ojú wọn bà lé àlùkò náà wẹ́kú. Bàbá rẹ pariwo pé, “Láti kékeré ni mo ti ń kọ ọ́ lórin pé àlùkò ló losùn. Mi ò mọ̀ pé òótọ́ ni!” Bí a ṣe rí ẹ̀gà àti àwòdì nìyẹn, àti lékèélékèé tó gun ẹfọ̀n lẹ́yìn bí ọmọ onílé. Nígbà tó yá, gbogbo ọkọ̀ ló ń júwe. Olùkọ́ á ní “Ẹ gé e sósì, Bàbá!” Àbúrò rẹ̀ á ní “Ó pọ̀ jù, ẹ ti gé e wọ gọ́tà!” Amọ̀nà bẹ̀ wá pé kí a rẹ ohùn sílẹ̀, pé igbó ni, kì í ṣe gáréèjì.

Ṣùgbọ́n erin kò yọjú. Ìgbẹ́ erin là ń rí, èyí tó tútù àti èyí tó gbẹ. Oníkámẹ́rà ti ń kùn pé ìgbẹ́ ni òun fowó wá wò. Ìgbà tí oòrùn rọ̀ díẹ̀ la dé etí omi kan, wọ́n sì wà níbẹ̀, erin mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọdé. Amọ̀nà rọra wa ọkọ̀ sún mọ́ wọn débi pé mo lè ka ìhunjọ tó wà ní orúnkún èyí tó tóbi jù. Mo yíjú sí bàbá rẹ. Wọ́n ní, “Mo rí i.”

Mo mọ ohùn yẹn. Òun ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn ti yó nígbà tí oúnjẹ kò tó wa. Mo ní, “Kí lẹ rí?” Wọ́n ní, “Ògiri. Ògiri kan tó ń mí.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í júwe. Wọ́n rí etí, kò ní orí. Wọ́n rí ẹsẹ̀, kò ní ara. Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n ní, “Ó tó bẹ́ẹ̀, Télọ̀. Ẹni tó rí ẹsẹ̀ erin náà ti gbìyànjú.”

Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé nílé, tí bàbá rẹ bá fẹ́ wò mí dáadáa, wọ́n máa ń dìde nídìí tábìlì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé atẹ́gùn ni wọ́n ń wá. Ọmọ mi, ohun tó bá sún mọ́ wọn ti tóbi ju ihò tó kù lọ. Èyí tó bá jìnnà ló ń gba ibẹ̀. Mo ní, “Amọ̀nà, jọ̀ọ́, dá ọkọ̀ sẹ́yìn.”

Oníkámẹ́rà yíjú sí mi. Ó ní, “Sẹ́yìn kẹ̀? Màmá, ṣé láti ìlú kejì la fẹ́ máa wo erin ni?” Mo ní iye tó san lèmi náà san, ìlọ́po méjì sì ni. Amọ̀nà ní òun lè ṣe é, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì bá dún, erin lè bá tiwọn lọ, kò sì sí ẹni tó máa rí i mọ́ lónìí. Oníkámẹ́rà ní, “Bàbá ṣáà ti ní àwọn rí i.” Mo dìde dúró, mo di irin ọkọ̀ mú. Mo ní, “Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ògiri lọkọ mi rí. Ojú wọn ń fọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n á ríran di ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwọ lè padà wá, kámẹ́rà rẹ á ṣì máa ríran. Ya tìrẹ kó tó ọ, mi ò ní dí ọ lọ́wọ́. Tí o bá ti yà á tán, a máa lọ sẹ́yìn. Mi ò sì ní jókòó títí a ó fi lọ.”

Bàbá rẹ fà mí láṣọ pé kí n fi í sílẹ̀. Mo túbọ̀ di irin ọkọ̀ mú. Oníkámẹ́rà ń yà, kámẹ́rà ń dún ṣákáṣáká. Erin ńlá náà fọ́n omi sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sì yí orí padà sí ọ̀nà igbó. Kò sẹ́ni tó tún bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ o. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà sórí itan, ó ní, “Ó tó. Ẹ dá a sẹ́yìn, kíá.”

Ọ̀nà náà há, kùkùté igi sì wà lọ́tùn-ún lósì. Olùkọ́ yọrí lápá kan, Oníkámẹ́rà yọrí lápá kejì, wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Máa bọ̀, máa bọ̀, gé e díẹ̀, máa bọ̀.” Nígbà tí mo ní kó dúró, àwọn erin ti ń tò lọ sẹ́nu igbó. Láti ibi tí a wà, èyí tó tóbi jù kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo la ẹnu láti júwe. Bàbá rẹ ní, “Dákẹ́. Mo ti bá a.”

Wọ́n nawọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ mú un. Wọ́n ní, “Orí rèé. Ọwọ́ ìjà rẹ̀ nìyẹn. Ó nírù! Ọmọ rẹ̀ ló tún di ìrù náà mú yẹn.” Wọ́n ń wò wọ́n títí tí èyí tó kẹ́yìn fi wọ igbó. Gbogbo wa ń retí ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n ní, “Ó mà kéré ju bí mo ṣe rò lọ.” Ẹ̀rín tó sọ nínú ọkọ̀ yẹn, erin á gbọ́ ọ níbi tó wà. Bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọn kò sì nù ún.

O kọ̀wé pé o ń bọ̀ nígbà ìsinmi. À ń retí rẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Mo mọ̀ ọ́. O máa ń sáré wọlé, o máa ń dì mọ́ wọn kí o tó sọ báàgì kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, má sáré. Dúró lẹ́nu géètì níbi tí oòrùn wà, má mira. Wọ́n á wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi á dúró tì wọ́n, màá júwe rẹ fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n rí ọ láti orí dé ẹsẹ̀, ìwọ lódindi, kí ojú wọn gbà ọ́ tán. Ó lè pẹ́ díẹ̀. Fara dà á. Ìgbà tí o bá gbọ́ tí mo ní “Máa bọ̀,” kí o wá máa bọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á sì ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ojú kò ní pọ́n ọ, ojú rẹ kò sì ní ríbi. Bí o ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ yìí, wàá rí ẹni kọ́ tìrẹ náà.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Télọ̀.

Mo tún rántí: Má fi owó ránṣẹ́ pé o fẹ́ dí èyí tí a ná. Fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Tí ìsinmi bá ti kù dẹ̀dẹ̀, owó ọkọ̀ á lé, wàá sì ní o máa dúró kó wálẹ̀. Má dúró.