Okùn Ẹsẹ̀ Tí Mo Sọ fún Yín Pé Tuntun Ni

Ẹ̀gbọ́n mi Thavasi, ọdún mẹ́fà pé lónìí tí ẹ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tí ẹ kò sì dìde mọ́.

Ọdún mẹ́fà! A gbé ìrẹsì yín sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ yìí, Kani ọmọ yín sì pe àwọn kannakánná, tí a gbà pé àwọn òkú wa ń tipasẹ̀ wọn padà wálé, wá jẹ ẹ́. Lọ́dún tó kọjá, wọn ò tètè wá, ọkàn gbogbo wa sì dàrú. Lọ́dún yìí, ìrẹsì náà ò tíì tutù tí wọ́n fi bà. Ìyàwó yín ní inú yín ló dùn. Èmi ò mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Lọ́dọọdún ni a máa ń dúró níwájú fọ́tò yín láti bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn àwọn èèyàn ni mo sì máa ń dúró sí. Ọdún márùn-ún gbáko, mi ò la ẹnu. Lónìí, èmi Esakki, àbúrò yín, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú yín, ẹ gbé okùn ẹsẹ̀ yín fún mi, òrùka okùn tí a máa ń kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí kí á tó gun igi. Ẹ ní ó ti gbó, kí n hun tuntun. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, ìdíje eré kabádì sì wà ní abúlé kejì. Ta ló fẹ́ jókòó sídìí okùn? Mo ya fọ́nrán tutù díẹ̀ lára ìtì ewé ọ̀pẹ, mo fi wé ògbólógbòó náà lára títí tó fi dán, mo gbé e fún yín. Mo ní, "Tuntun rèé." Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe tuntun. Kì í ṣe tuntun!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wà lórí igi tiyín, mo wà lórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ń kọrin. Mo gbọ́ ohun kan tó já, kò dún ju ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná lọ. Orin yín dúró. Mi ò wo ilẹ̀. Ńṣe ni mo di ojú, mo wà mọ́ igi, ọwọ́ mi sì kọ̀ láti tú. Wọ́n sáré wá, wọ́n ké, wọ́n gbé yín lọ, èmi ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ti mú gan-an kí Baba Vellaiyan, tó dàgbà jù nínú àwọn akọ̀pẹ wa, tó gùn wá bá mi.

"Esakki," ó ní, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá màlúù tí jìnnìjìnnì mú sọ̀rọ̀, "gbé ọwọ́ òsì fún mi. Òsì nìkan. Ọ̀tún ṣì jẹ́ tìẹ."

Bó ṣe tú mi kúrò lára igi nìyẹn, ìka kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní okùn ló já. Wọn ò bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gun ọ̀pẹ mọ́. Mo lọ ń wa iyọ̀ ní oko iyọ̀ etí òkun. Ìyàwó yín náà ń ru iyọ̀ níbẹ̀, torí pé kò sí omi ọ̀pẹ tí yóò sè di ṣúgà mọ́. Ààrò rẹ̀ tutù, adìyẹ ń yé sínú ẹ̀. Ogójì ọ̀pẹ tí àwa méjèèjì háyà, ẹlòmíràn háyà wọn. Ilé ìse ṣúgà tí a ní a máa kọ́ fúnra wa, tí ẹ ti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ rẹ̀ tán, igbó ẹlẹ́gùn-ún bò ó.

Ẹ̀rù! Ọ̀pẹ ló yí abúlé wa ká, ibo ni mo fẹ́ yà sí? Mo ń rìn bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ojú mi ò kúrò nílẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ tí ewé gbígbẹ sì ń ro gàràgàrà lókè, òógùn á bò mí. Lọ́dọọdún tí àsìkò omi ọ̀pẹ bá dé, màá pọ́n ọ̀bẹ yín, màá fi ẹfun ra inú àwọn ìkòkò kí omi ọ̀pẹ má bàa kan, màá tún kó gbogbo ẹ̀ padà sókè àjà. "Ó di ọdún tó ń bọ̀." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á ní, "Esakki, ṣé kí á bá ẹ yá àkàbà ni?" Màá bá wọn rẹ́rìn-ín, màá sì yára kúrò níbẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí pé tí wọ́n bá fi lè bi mí ní ìbéèrè kan sí i, ẹnu mi á tú gbogbo ẹ̀ síta.

Kani yín ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ó ti ga jù yín lọ! Ó yege gbogbo ìdánwò rẹ̀, agídí yín sì wà lára ẹ̀ pátápátá. Lóṣù kejì ọdún yìí, mo ti oko iyọ̀ dé, mo bá a níwájú ilé, apẹ̀rẹ̀ irinṣẹ́ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Okùn ẹsẹ̀ ló ń hun.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi gun ọ̀pẹ ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ pọn omi. "Tẹ́yin ò bá gùn ún, ẹnì kan á gùn ún. Ṣé kí ìyá mi máa ru iyọ̀ títí ọrùn ẹ̀ á fi wọ inú ni? Bàbá kékeré, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó le tó?"

Ó nà án sí mi. Mo bì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo rí ọmọ yín lókè, mo rí i nílẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tó já.

Nígbà tí mo nu ẹnu tán, mo sọ ọ́. Ìyàwó yín Pechiammal wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fẹ́ èèpo kúrò lára ìrẹsì, ó sì gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kabádì. Ògbólógbòó okùn. Irọ́. Kò pariwo. Ó gbé ìrẹsì sílẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́jọ! Ọjọ́ mẹ́jọ ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Kani ló ń gbé oúnjẹ sí ìta fún mi, kì í sì í wò mí lójú. Obìnrin tó tọ́ mi láti ọmọ ọdún méje, tó ń wẹ̀ fún mi, tó ń pa iná orí fún mi! Mo di aṣọ mi sínú àpò, mo ní màá lọ sí Chennai, níbi tẹ́nì kan ò ti mọ̀ mí. Mo dé ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù ilé ń bà mí, ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó jáde wá bá mi lábẹ́ igi àjàgbọn.

"Esakki, ẹ̀gbọ́n ẹ yẹ okùn yẹn wò kó tó jáde nílé. Mo wà níbẹ̀. Ó fà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí rò pé òun gbọ́n, tuntun ló wé mọ́ ògbólógbòó. Mo ní kó má gùn ún. Ó ní á ṣì gbé òun di ọ̀la, pé tóun bá sọ̀ kalẹ̀ lòun máa bá ẹ jà. Mi ò di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo kàn ń pariwo láti ìdí ààrò ni. Èmi náà ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Mo na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀, ó fà á sẹ́yìn.

"Má rò pé mo ti dárí jì ẹ́ o. Inú ṣì ń bí mi, ó sì máa pẹ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ti sú mi. Mi ò sì ní gbà kí Kani gun igi láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó yá, dìde."

Ẹ rántí ọ̀pẹ kúkúrú tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí ẹ máa ń so ewúrẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ló ní kí n ti bẹ̀rẹ̀. Mo hun okùn tuntun, Kani fi gbogbo agbára fà á, ìyàwó yín sì gbé e kọ́ ẹ̀ka àjàgbọn, ó fi ara ẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, àgbàlagbà obìnrin, ó ń fì síwá sẹ́yìn bí ọmọdé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà pé ó le kí n tó kó ẹsẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà la sì ń ṣe é di òní, láràárọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò gùn ju ìwọ̀n ìbàdí mi lọ tí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Baba Vellaiyan ń kọjá lọ.

"Háà! Esakki! Ewúrẹ́ mi ń gùn ju ìyẹn lọ o!"

"Ẹ mú un wá kó wá kọ́ mi," mo dáhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti dá ẹnikẹ́ni lóhùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé ibi tí orí ìyàwó yín dé. Ó so òwú pupa mọ́ ibi tí ọwọ́ mi kàn. "Lọ́la, kọjá ibí yìí díẹ̀. Mi ò ní kí o kan ọ̀run." Ìgbà mìíràn, díẹ̀ náà kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ìgbà mìíràn, n kì í dé ibi òwú rárá, kò sì ní sọ nǹkan kan, á kàn ní kí n lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kọkànlá, jìnnìjìnnì tún mú mi. Mo ti kọjá ìdajì igi nígbà tí atẹ́gùn fẹ́, ewé ro, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì kú. Mo di ojú, mo wà mọ́ igi, mo ń gbọ́ orin yín. Mo ní ó parí nìyẹn, ibi tí mo máa wà rèé.

"Esakki, la ojú." Ìyàwó yín ni, láti ìsàlẹ̀. "Má wo òkè, má wo ilẹ̀. Kí ló wà níwájú imú ẹ?"

"Igi ni."

"Mo mọ̀ pé igi ni, ṣé òmùgọ̀ ni mí? Kí ló wà lára ẹ̀?"

"Èèrà."

"Mélòó?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèrà. Mo ka mẹ́rìnlá. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ru òkú kòkòrò kan tó tóbi jù ú lọ, ó ń gbé e gòkè, ó ń yọ̀, ó tún ń gbé e. Mo sọ fún un.

"Ó dáa," ó ní, "tẹ̀ lé e."

Ìgbésẹ̀ méjì péré ni mo gbé kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè ni mo gbé e sí, ẹ̀gbọ́n mi! Òkè! Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, mo dé orí.

Ọ̀pẹ mẹ́sàn-án la háyà lọ́dún yìí. Kì í ṣe ogójì. A ò tíì kọ́ ilé ìse ṣúgà kankan, àmọ́ mo ti ṣán igbó ibẹ̀. Ìyàwó yín ti kúrò ní oko iyọ̀, ó ti lé adìyẹ kúrò nínú ààrò. Ṣúgà tó kọ́kọ́ sè jóná, ó dúdú kirikiri, Kani ní kí á fi lẹ ibi tí òrùlé ti ń jò. Èkejì dáa. A dà á sínú èèpo àgbọn, ó dì, ó pọ́n, mo bù ú sí kọfí, omijé bọ́ lójú mi. Kani máa wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Tirunelveli lóṣù tó ń bọ̀. Òun náà ń gun ọ̀pẹ kúkúrú lọ́jọ́ Sunday, ẹnu mi á sì gbẹ nísàlẹ̀ títí á fi sọ̀.

Kí n má purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì: ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Láràárọ̀ ni ọwọ́ mi ń tutù. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń jókòó sídìí igi títí oòrùn á fi yọ, kí n tó lè dìde.

Igi tiyín ṣì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gùn ún láti ọjọ́ náà, wọ́n ní igi tó pa èèyàn ni. Onílẹ̀ ní tó bá wù wá, kí á mú un mọ́ tiwa. Láàárọ̀ yìí, kí á tó se ìrẹsì yín, mo kó ẹsẹ̀ sínú okùn nídìí ẹ̀. Ìyàwó yín dúró, Kani dúró. Mo gùn. Mo dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta pẹ́, torí mo ń rò ó pé ṣé ibí ni okùn ti já, àbí òkè díẹ̀ sí i, mi ò sì lè mọ̀ ọ́n láéláé. Nígbà tí mo dé orí, mo rí oko iyọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó kéré, ó funfun. Mo gé ibi tó yẹ kí n gé, mo so ìkòkò mọ́ ọn, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó sínú yanrìn.

Ìyàwó yín bọ́ okùn náà kúrò lẹ́sẹ̀ mi. "O pẹ́ o," ó ní. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò tètè gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ó lọ dáná ìrẹsì yín.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tuntun. Kí ló dé tí ẹ fi gùn ún? Mo ṣẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n èmi náà ń bínú sí yín díẹ̀, ẹ má kọ̀ ọ́ fún mi. Ká ní ẹ pè mí padà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ gbá mi létí, kí ẹ fi mí jókòó sídìí okùn yẹn, à bá ṣì jọ wà!

Àárò yín ń sọ wá. Ó ń sọ Kani, tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì yín tó bá fẹ́ gun igi. Ó ń sọ ìyàwó yín, bí kò tilẹ̀ ní gbà. Ó ń sọ mí lókè níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti kọrin lórí igi kejì. A nífẹ̀ẹ́ yín, Thavasi, lónìí àti títí ayé wa. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni à ń gùn ún. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo tún ń lọ sórí igi yín. Ẹ dúró tì mí.

Pechiammal ìyàwó yín, Kani ọmọ yín, àti èmi Esakki, àbúrò yín.