Nígbà tí Ògbufọ̀ Wọ Inú Kọ̀ǹpútà Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Mo fi ìfẹ́ kí ọ láti ìdí fèrèsé tí o máa ń jókòó sí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Àwa wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti ń le. Wọ́n ti ń dá rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò tíì padà sí wọn lẹ́nu láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ nǹkan, wọn á nawọ́, èmi á máa méfò: omi ni? Aṣọ ni? Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, wọn á kọjú sí ògiri. Ìkọjúsógiri yẹn ń dùn mí ju gbogbo wàhálà ìtọ́jú lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu láti kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún wa: kí wọ́n tẹ lẹ́tà kan, kí ẹ̀rọ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ jáde. Má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi tọ́ ọ. Ìka mi kò bẹ̀rù bọ́tìnnì. Mo wá ìwé ìkọ́ni, mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ ètò, mo da àpẹẹrẹ inú ìwé kọ, mo ní kó ṣiṣẹ́. Ó ní òun kò rí kọ̀ǹpáílà. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Mo pe àbúrò mi olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Bọ̀dá Ẹlẹ́rìn-ín tìrẹ. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn ná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, yàrá ìkọ̀wé lẹ ṣí, ẹ ò tíì gba ògbufọ̀. Èdè tí ẹ̀ ń kọ yẹn, ẹ̀rọ ò gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpáílà ló máa túmọ̀ ẹ̀ fún un." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo bi í pé ta ló wá kọ́ ògbufọ̀ ní èdè méjèèjì? Ó ní èèyàn ló fi ògbufọ̀ tó ṣáájú kọ ọ́. Ti àkọ́kọ́ pàá ńkọ́? Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró de òun.

Mo gba kọ̀ǹpáílà wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tún ní kó ṣiṣẹ́. Ohun kan náà ló tún sọ! Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Àbúrò mi ní, "Àlejò ti wọlé, ẹ ò júwe yàrá tó wà fún ẹni tó ń wá a." Ó fi ibi tí n ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí hàn mí. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rọ rí i, ṣùgbọ́n ó ní n kò fi àmì sí ìparí ìlà kan. Àmì tí kò tó ẹyin èèrà! Mo fi sí i, ó gbà. Ìwọ náà mọ̀ mí: mo mọ̀ọ́mọ̀ tún yọ ọ́ kúrò, kí n wò ó bóyá yóò fojú fò ó. Kò fò ó.

Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀: O fún omi, A fún aṣọ, F fún fèrèsé. Bàbá rẹ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ fọhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ K. N kò fi nǹkan kan sí K. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n nawọ́ sí mi. "Kọ́kọ́rọ́ ni?" Wọ́n mi orí. "Kọ́ọ̀bù?" Wọ́n tún nawọ́ sí mi, omi lé ròrò lójú wọn. Ìgbà náà ni mo rántí. Kí a tó bí ọ, nítorí ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu mi, Kílódé ni bàbá rẹ máa ń pè mí.

Mo ha lè fi ohùn ara mi pe ara mi? Mo tú fóònù mi àtijọ́, mo rí ohùn kan tí bàbá rẹ rán sí mi láti ibi iṣẹ́ nígbà kan: "Kílódé, mo ti ń bọ̀ nílé." Mo gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo fi í sí K. Kọ̀ǹpáílà kò ráhùn rárá. Bàbá rẹ tẹ̀ ẹ́, ohùn ara wọn sì pè mí. Mo ní, "Mò ń gbọ́ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè mí kúrò nídìí ìkòkò, mo sì ń jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Kí ọ̀nà rẹ là, kí ẹni rere máa pàdé rẹ, kí o má ṣe pàdánù ohùn tí o fẹ́ràn.

Èmi ni ìyá rẹ tí ń retí rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: wọ́n ti jẹ́ kí n fi "rárá" sí R. Kí n tó gbé oògùn dé ẹnu ọ̀nà báyìí, ẹ̀rọ ti ń pariwo.