Ẹ̀rọ Mi Múnú Ọ̀gá Wadi Dùn

Bàbá mi, ẹ kú ilé o.

Ẹ ní èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni mo sá pamọ́ sí. Irọ́ ni! Ní Beirut níbí, ojú agbo ni mo ti ń hun orin. Gbogbo àṣẹ tí mo bá tẹ̀ fún ẹ̀rọ ló ń hàn lára ògiri lẹ́yìn mi, àti àṣìṣe mi.

Lánàá, Ọ̀gá Wadi, àgbà tó ń ta údù, gìtá àwọn Lárúbáwá, bíi yín, pariwo láti ìjókòó: "Ẹ̀rọ ò lẹ́mìí, jàre!" Mo tẹ̀ ẹ́ sára ògiri: "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù, kò tíì dé ibi tó dùn." Èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo wá pàṣẹ kí ohùn náà falẹ̀ díẹ̀ kó tó balẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ọ̀gá Wadi kígbe "Allah!", bí wọ́n ṣe ń yin olórin níbí, kó tó rántí pé òun ń bínú.

Ọwọ́ òsì mi tó ṣèṣe, tí kò jẹ́ kí n lè ta údù mọ́, ń san, ẹ má dààmú. Ọ̀tún nìkan ti tó láti fi tẹ ẹ̀rọ.

Ẹ bá mi kí Màmá. Kí wọ́n má fi okùn údù ránṣẹ́ sí mi mọ́. Kí wọ́n gbé údù mi fún Basma, àbúrò mi.

Èmi Nuha yín, olórin síbẹ̀.