Agbo Ẹlẹ́sẹ̀ Dúdú

Ajé, 4 Ṣẹẹrẹ

Irọ́ ni wọ́n ń pa kiri. Wọ́n ní ọ̀kánjúwà ẹran ló mú mi pa àkùkọ tí wọ́n ń pè ní Básà. Mo pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò fi ẹnu kan eegun rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kó bá a — pupa rẹ́súrẹ́sú. Adìyẹ Fáyúmù gidi, ọrùn rẹ̀ á funfun, ara rẹ̀ á ní ilà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúdú bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò. Ohun tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀ nìyẹn. Agbo tiwa ló kù ní abúlé yìí. Wọ́n fẹ́ kí n jẹ́ kí Básà máa gun àwọn abo wa torí pé ó sanra. Òpònú gbogbo.

Ọjọ́rú, 6 Ṣẹẹrẹ

Mo ṣàyàn àkùkọ lónìí, bí bàbá àgbà ṣe ń ṣe é: wọ inú agbo, máa lé wọn. Èyí tó bá fò gun orí ògiri, tó ké bí ẹni tí wọ́n ń dá lóró, ó yege. Èyí tó bá ba sílẹ̀ dúró dè mí, ìkòkò ọbẹ̀. Èyí tí èmi bá lè mú, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á mú un. Àkùkọ tí mo yàn gbẹ bí igi ìdáná. Eegun ni mo sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹni tí mo ń pè ní Òṣùwọ̀n náà wà níbẹ̀ — àbúrò bàbá mi, Tàwábù, tí kò mọ̀ ju kó gbé adìyẹ wọ̀n lọ. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pa kóró èso jẹ. "Rúbì, ta ló ń lé ta?" Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí ẹnu yín mọ̀ náà nìyẹn.

Jímọ̀, 8 Ṣẹẹrẹ

Òṣùwọ̀n àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, wọ́n yí Síttì ká. Ìyá bàbá mi ni Síttì, òun ló ni agbo. Òṣùwọ̀n ní, "Màámi, ẹ tà wọ́n, ká ra àwọn funfun tó tẹ̀wọ̀n. Ẹsẹ̀ adìyẹ lọmọ yìí máa fi sọ yín di ẹlẹ́yà." Síttì ní òun á wo ọmọ tí wọ́n bá pa lọ́dún yìí. Bí ẹsẹ̀ wọn bá tún rí wúruwùru, òun á tà wọ́n. Èmi ló ń wò.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ṣẹẹrẹ

Òtútù. Àwọn adìyẹ ò yé.

Àìkú, 31 Ṣẹẹrẹ

Mo kó ẹyin lọ fún Ewéìsì, ẹni tó ń fi ooru iná sọ ẹyin gbogbo abúlé di ọmọ nínú ilé alámọ̀ rẹ̀ — adìyẹ tiwa kì í sàba. Ó fẹ́ da agbọ̀n mi mọ́ tàwọn ẹlòmíràn. Mo dì í mú. Mo bi í: báwo lo ṣe máa mọ tèmi?

"Kí ni n óò mọ̀ ọ́n fún? O kó ẹyin wá, mo ka ọmọ fún ọ. Àbí ẹyin tìẹ mọ̀wé ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá bàbá rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹyin wa là ń kó lọ, ọmọ ọlọ́mọ là ń kó bọ̀! Básà kì í ṣe ọmọ ilé wa rárá. Kò sì sẹ́ni tó ronú kàn án rí. Odidi abúlé. Mo gbé agbọ̀n mi. Ó pè mí ní wèrè.

Ìṣẹ́gun, 2 Èrèlé

Mo ń wá ẹyẹ tó máa bá mi sàba. Òṣùwọ̀n ti ṣíwájú mi dé gbogbo ilé. Wọ́n ní: "Pẹ́pẹ́yẹ mi kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ adìyẹ yín o." Wọ́n ṣe bí ẹni pé ọmọ wọn ni mo wá fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Nàímà, ìyàwó Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, wọlé, ó há pẹ́pẹ́yẹ mọ́ abíyá. "Gbà. Òkúta ló ń sàba lé láti ìjẹta. Bí ọkọ mi bá bi ọ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ni."

Àbámẹ́ta, 13 Èrèlé

Òṣùwọ̀n rí pẹ́pẹ́yẹ. Ariwo. Nàímà dá ọkọ rẹ̀ lóhùn pé, "Wọ̀n ọ́n bó bá wù ọ́, Bàbá Ṣábàn, ṣùgbọ́n má gbé e kúrò lórí ẹyin."

Ìṣẹ́gun, 23 Èrèlé

Ẹyin ti di ọmọ. Síttì jókòó sílẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ wọn wò sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúdú. Dúdú. Dúdú. Ọ̀kan pupa. Òṣùwọ̀n wúkọ́, ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Síttì fi ẹlẹ́sẹ̀ pupa náà sí i lọ́wọ́.

"Tàwábù, ìpín tìẹ rèé. Mi ò ta àwọn tó kù."

Ó lọ, ó sì gbé e lọ.

Àwọn tó dúró tì mí: Síttì. Nàímà. Pẹ́pẹ́yẹ Nàímà. Mo ronú títí bóyá ó ku ẹnì kan. Kò kù.